Ohun Tó Wà Nínú Ìgò Tí Mo Fi Han Dókítà

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ apakòkòrò inú ilé, ẹ kọ lẹ́tà sí mi pé kí n sọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí nígbà kan àti bó ṣe yí padà, kí ẹ lè fi í sínú ìwé ọdún ẹgbẹ́. Ẹ ní èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó kọ́ àwọn ará ìlú yìí bí a ṣe ń lé aáyán kúrò nínú ilé láìfi oògùn kun gbogbo ògiri. Ẹ ní ẹ fẹ́ fi àwòrán mi sí ojú ìwé kìíní. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, inú sì bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n fà á ya. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bínú sí. Irọ́ ni mo ti pa fún yín, ẹ sì gbà á gbọ́ torí pé àgbàlagbà ló pa á. Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ti lo ọdún mọ́kàndínlógún, n kò sì ní jẹ́ kó pé ogún, torí dókítà ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀fóró mi ti bàjẹ́ tán, pé kí n tún ilé mi tò. Bí mo ṣe fẹ́ tún un tò nìyí. Ẹni tó bá ń retí ìtàn dídùn, kó pa ìwé náà dé.

Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí bí mo ṣe ń sọ ọ́, torí ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìyẹ̀fun funfun kan la fi ń pa ìdun. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ á fi ọwọ́ lásán bù ú, á wọ́n ọn sórí ibùsùn bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sí ẹran, á ní kí onílé tẹ́ aṣọ lé e kó sùn. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìdun ń kú, ìyẹn ti tó. Nígbà tó yá, ìdun kọ̀, kò kú mọ́, ó ń rìn kọjá nínú ìyẹ̀fun náà bí arìnrìn-àjò nínú eruku. Àwọn onímọ̀ sì wá sọ pé ohun náà kì í kúrò nínú ilẹ̀, kì í kúrò nínú ara ènìyàn, ni wọ́n bá fòfin dè é. Lẹ́yìn rẹ̀ ni oògùn olómi kan dé tí àwa òṣìṣẹ́ ń pè ní Àgbà. Orúkọ yẹn yẹ ẹ́. Láti ẹnu ọ̀nà ni òórùn rẹ̀ á ti máa ta ènìyàn nímú. Aáyán á já bọ́ láti àjà, á fẹ̀yìn lélẹ̀, á máa ju ẹsẹ̀. Àwa á wá gbá wọn jọ sórí ìwé ìròyìn, a ó gbé e lọ síwájú onílé kó fojú ara rẹ̀ rí i. Kíka òkú là ń pè é. Bí o kò bá ka òkú fún onílé, o kò tíì parí iṣẹ́. Mo mọ obìnrin kan tó pe aládùúgbò rẹ̀ wá wòran òkú aáyán, tí àwọn méjèèjì sì dúró tì í bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun. Èmi ni wọ́n máa ń pè jù fún iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ tí wọ́n sì sọ mí ni Pagbogbo. Orúkọ náà wọ̀ mí lórí, n kò ní purọ́.

Nígbà tó yá, ìjọba fòfin de Àgbà náà. Wọ́n ní ó ń ba iṣan ènìyàn jẹ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ba ti kòkòrò jẹ́, àti pé ọmọdé ló tètè ń mú. Wọ́n ní kí gbogbo ilé iṣẹ́ kó èyí tó kù lọ́wọ́ wọn wá. Oògùn méjì ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ omi tí kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, inú ìgò búlúù ló wà, a máa ń fín in díẹ̀ sí kọ̀rọ̀. Èkejì ki bí ìpara, ìpara náà la sì ń pè é. Inú ike kan tó dà bí abẹ́rẹ́ dókítà ló wà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bíńtín sẹ́nu ihò, aáyán á wá jẹ ẹ́, á gbé e lọ sílé, á sì kú sọ́hùn-ún láàárín àwọn ẹbí rẹ̀. Àwọn tó bá jẹ lára òkú rẹ̀ á tún kú. Ó máa ń gba bí ọjọ́ mẹ́wàá. Obìnrin kan wà níbi iṣẹ́ wa tó lọ kọ́ nípa rẹ̀, tó sì mọ̀ ọ́n dójú àmì. Ìyá Tọ́ọ̀ṣì là ń pè é, torí kì í wọ ilé kankan láìmú tọ́ọ̀ṣì kékeré kan dání. Á kúnlẹ̀, á wo abẹ́ síǹkì, á wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, á fi ìpara tó tó orí ìṣáná sí i, á wá fi sìmẹ́ǹtì dí àwọn ihò tó kù. Kò ní lọ títí á fi sọ fún onílé pé kó tún ẹ̀rọ omi tó ń jò ṣe. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé o fẹ́ pa aáyán ni, àbí o fẹ́ bá a kọ́lé?" Ó dá mi lóhùn láìgbójú sókè pé, "Ẹ̀gbọ́n, aáyán tí ò rómi mu, tí ò ríhò wọ̀, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá pa á. Á di ẹrù ẹ̀ fúnra ẹ̀." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ mi.

Ohun tó bà á jẹ́ ni kíka òkú. Kò sí òkú nílẹ̀ láti kà, torí inú ihò ni aáyán ń kú sí. Àwọn onílé kò gbóòórùn, wọn kò rí òkú, ni wọ́n bá ní a wá tan àwọn jẹ. Dípò kí n kọ́ wọn, bí Ìyá Tọ́ọ̀ṣì ti ń ṣe, ọgbọ́n burúkú ni mo dá. Mo wá agolo kan tó ní ìdérí, mo ń ṣa òkú aáyán láti ibi tí wọ́n bá ti kú, mo ń kó wọn pamọ́. Bí mo bá ti fi ìpara sílẹ̀ nílé kan tán, n óò fọ́n mẹ́fà méje sílẹ̀ẹ́lẹ̀, n óò pe onílé kó wá wò ó. Àgbàlagbà, bàbá ọmọ, tí ń gbé òkú aáyán káàkiri ìlú bí ẹni gbé ọjà. Ìyá arúgbó kan ló mú mi. Ó mú ọ̀kan, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó sì rún wómúwómú. Ó wò mí sókè sódò, ó ní, "Ọmọ mi, aáyán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nìyí? Èyí ti ṣe ìrántí ọdún kẹta." Ojú tì mí títí mo fi délé. Ohun tó yẹ kí ìtìjú náà kọ́ mi ni pé kí n jáwọ́ nínú irọ́. Ohun tó kọ́ mi ni pé kí n wá òkú tútù.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ wa, tí à ń pè ní Máníjà, kò kó gbogbo Àgbà rẹ̀ fún ìjọba. Ó fi kẹ́ẹ̀gì márùn-ún pamọ́ sábẹ́ àtẹ̀gùn, ó fi páálí bò wọ́n. Nígbà tí mo ròyìn fún un pé àwọn oníbàárà ń kùn, ó kàn ju kọ́kọ́rọ́ sí mi. Ó ní, "Pagbogbo, o mọ ohun tó wà níbẹ̀. Èmi ò rán ẹ o." Ẹ gbọ́ ọgbọ́n ẹlẹ́nu méjì. Kò rán mi, ṣùgbọ́n òun ló ju kọ́kọ́rọ́ sí mi. Èmi náà kò sì lè sọ pé ó fipá mú mi, torí tayọ̀tayọ̀ ni mo fi hán an. Mo da omi inú ìgò búlúù nù, mo rọ Àgbà sínú rẹ̀. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ìgò náà ṣì wà níbẹ̀, ó ń dán, ó ní àwòrán ilé kan àti ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni mo tún ti ń rí òkú kà. Àwọn onílé ń yìn mí, wọ́n ní, "Pagbogbo ti padà." Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń fín oògùn tí wọ́n fòfin dè sínú yàrá tí àwọn ènìyàn ń sùn, tí mò ń sọ fún wọn pé kò lè ṣe ọmọ ìkókó ní nǹkan kan.

Ibi tí mò ń lọ la dé yìí. Obìnrin aránṣọ kan wà tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta kan, iwájú ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ̀yìn ni yàrá tí òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ń sùn. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ọ̀rọ̀ sì dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀ bí ẹyẹ ìbákà. Aáyán pọ̀ nínú ògiri àárín yàrá àti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì ń ya ìgbẹ́ sára aṣọ oníaṣọ. Ìyá Tọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ lọ. Ó fi ìpara sí ihò mọ́kànlélógún, ó ní kí aránṣọ fi ọjọ́ mẹ́wàá sí i. Lọ́jọ́ kẹrin, aránṣọ pe Máníjà. Ó ní, "Ọ̀gá, mi ò gbóòórùn nǹkan kan, mi ò rí kòkòrò kan tó kú. Aṣọ ìgbéyàwó wà lọ́wọ́ mi, bí aáyán bá ba á jẹ́, ẹ̀yin lẹ máa rán òmíràn." Máníjà wò mí, ó ní kí n lọ tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìyá Tọ́ọ̀ṣì gbọ́, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín nǹkan kan síbẹ̀. Wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Bẹ́ ẹ bá fín oògùn lé ìpara lórí, wọn ò ní sún mọ́ ọn mọ́, iṣẹ́ mi á dòfo." Mo ní kó yà lọ́nà. Mo ní ṣé òun lòun máa kọ́ mi ní iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe kí wọ́n tó já ọmú lẹ́nu ẹ̀.

Mo dé ọ̀dọ̀ aránṣọ ní ọ̀sán, mo sì fín yàrá náà bí ẹni tó ní ìjà pẹ̀lú rẹ̀. Mo fín abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fín ẹ̀yìn àpótí, mo fín ara ògiri dókè, mo fín orí òkìtì àgékù aṣọ tó wà ní kọ̀rọ̀ kan. Aáyán ń já bọ́. Mo ka òkú fún aránṣọ, ó lé ní àádọ́ta, ó sì pàtẹ́wọ́. Ó bi mí pé, "Ìgbà wo la lè wọlé?" Ẹnikẹ́ni tó bá ti lo Àgbà mọ̀ pé ọjọ́ kan gbáko ó kéré tán ni wọ́n fi ń ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí wọ́n tó fọ ilẹ̀, kí wọ́n tó sá bẹ́ẹ̀dì sóòrùn. Ṣùgbọ́n ìwé ara ìgò búlúù sọ pé wákàtí kan. Bí mo bá sọ pé ọjọ́ kan, á béèrè ìdí. Mo ní, "Wákàtí kan, ìyá. Oògùn tuntun ni." Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, òjò rọ̀, aránṣọ pa fèrèsé dé kí omi má baà ba aṣọ ìgbéyàwó jẹ́. Ọmọ rẹ̀ sì lọ dùbúlẹ̀ sórí òkìtì àgékù aṣọ náà, níbi tó fẹ́ràn láti máa sùn. Èmi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ló ń sùn. N kò béèrè. Ìyá Tọ́ọ̀ṣì ì bá béèrè, torí ó máa ń béèrè nílé gbogbo pé níbo lọmọdé ń sùn, níbo ni wọ́n ti ń ṣeré. A tún máa ń fi ìyẹn náà ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ìpè dé láti ọsibítù. Èmi àti Máníjà la jọ lọ. Nínú mọ́tò, kò sọ ju gbólóhùn kan lọ. Ó ní, "Mú ìgò yẹn dání, èyí tó ní ìwé lára." Nígbà tí a wọlé, mo rí ọmọ náà. Itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, òógùn bò ó, ẹran ara rẹ̀ ń fò lábẹ́ awọ, ó sì ń mí bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ. Dókítà tó dúró tì í jẹ́ obìnrin, ó kéré, mo lè bí i lọ́mọ. Ó ní ọmọlójú ọmọ náà ti kéré bí orí abẹ́rẹ́. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi fín ilé yẹn?" Mo gbé ìgò búlúù fún un, òfìfo tí mo ti fọ̀. Ó kà á, ó tún un kà, ó mirí. Ó ní, "Ohun tí mò ń rí lára ọmọ yìí ò jọ ohun tí wọ́n kọ síbí. Oògùn àtijọ́ kan ló máa ń ṣe báyìí. Bó bá jẹ́ òun ni, nǹkan tó ń ṣẹ́gun ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nísinsìnyí. Bí kì í bá ṣe òun, nǹkan náà fúnra ẹ̀ lè ṣe ọmọ yìí léṣe. Torí náà, ẹ fara balẹ̀ rántí. Ṣé èyí nìkan lẹ lò?" Aránṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó di apá mi mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi sọ fún wọn, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Ọmọ mi dáwọ́ títẹ̀ dúró níbí. Ó bi mí pé, "Dádì, ṣé kí n kọ èyí tó kàn?" Mo ní kó kọ ọ́. Mo wo ojú dókítà, mo ní, "Èyí nìkan ni." Kí ẹ tún rí i bí ọkàn ènìyàn ṣe burú tó, kò tó mi bẹ́ẹ̀. Mo rí i pé kò gbà mí gbọ́ tán, ẹ̀rù bà mí, ni mo bá fi kún un pé, "Àfi bí obìnrin tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bá fi nǹkan mìíràn sínú ihò. Òun ló mọ ohun tó ń fà sínú abẹ́rẹ́ ẹ̀." Kò sẹ́ni tó bi mí nípa rẹ̀. Èmi ni mo fẹnu ara mi gbé obìnrin náà tà. Wọ́n ránṣẹ́ pè é, ó dé pẹ̀lú ìpara rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń búra, ó ń bẹ dókítà pé kó yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà lọ sí ibòmíràn fún àyẹ̀wò. Dókítà ń ṣe ìwọ̀nba tó lè ṣe láìmọ ohun tó ń bá jà. Èmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan mo lè dìde kí n sọ gbólóhùn kan, kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ, n kò dìde. Wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn náà ni èsì dé pé oògùn àtijọ́ náà ni. Wọ́n fún ọmọ náà ní ohun tó yẹ kí wọ́n ti fún un láti àárọ̀. Ó yè, ṣùgbọ́n èémí ti kúrò nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó di ìgbà yẹn, ọpọlọ rẹ̀ sì ti jìyà.

Kí Ìyá Tọ́ọ̀ṣì tó kúrò ní ọsibítù, mo ti sáré lọ sí yàrá aránṣọ. Ọsibítù níbẹ̀ ni mo ti sọ fún aránṣọ pé kó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, pé màá bá a fọ ibẹ̀ kí ọmọ má baà padà sínú oògùn. Mo fi ọṣẹ fọ ògiri, mo fọ ilẹ̀, mo kó òkìtì àgékù aṣọ náà lọ sun. Ìpara Ìyá Tọ́ọ̀ṣì tí ì bá jẹ́rìí fún un, mo fọ̀ ọ́ nù pẹ̀lú. Aránṣọ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí wọ́n wá ń wádìí, Máníjà mú ìwé jáde pé ìgò búlúù ni mo gbà lọ. Ó ní ìgò tó ní ìwé lára la mọ̀, a ò mọ ohun tí ẹnì kan ń tẹ̀ sínú ihò. Wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Ìyá Tọ́ọ̀ṣì, wọ́n lé e, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Ó wá bá mi níwájú ilé iṣẹ́ lọ́jọ́ tó ń kó ẹrù rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà bímọ." Mo wọlé, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Aránṣọ kò gbàgbé inúure mi, ẹ gbọ́ mi dáadáa, inúure ló pè é. Ọdọọdún ló ń rán aṣọ fún mi, kò sì jẹ́ kí n san kọ́bọ̀ kan. Ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n níwájú àlejò. Bó bá sì kan Ìyá Tọ́ọ̀ṣì, èpè ló ń tẹnu rẹ̀ jáde. Mo máa ń jókòó síbẹ̀, n óò máa mi orí. Ọmọ náà ti di ẹni ọdún márùndínlọ́gbọ̀n báyìí. Ọ̀rọ̀ ń wọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì lè fi òwú sójú abẹ́rẹ́, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti ń gé aṣọ kékeré fún láti kọ́ iṣẹ́. Ó fẹ́ràn mi. Bó bá rí mi lókèèrè, á rẹ́rìn-ín, á máa ju ọwọ́ sí mi. Mo ti fi ojú mi yìí wo ẹ̀rín náà fún ọdún mọ́kàndínlógún, mo sì ń sùn. Nígbà tí Máníjà kú, èmi ni mo gba ilé iṣẹ́. Mo rí ìwé àkọsílẹ̀ Ìyá Tọ́ọ̀ṣì nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ àtijọ́, bí a ṣe ń wá ihò, bí a ṣe ń dí i, ìbéèrè tó yẹ ká bi onílé. Mo kọ́ ọ, mo fi ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn, ẹ̀yin sì ń pàtẹ́wọ́ fún mi nínú ìpàdé. Gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ torí rẹ̀ fi àwòrán mi síwájú ìwé, ìwé obìnrin tí mo bà lórúkọ jẹ́ ni mo ti kà á.

Lóṣù tó kọjá, mo wá Ìyá Tọ́ọ̀ṣì lọ. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níbi tó ti ń gé kọ́kọ́rọ́. Ó mọ̀ mí kí n tó sọ̀rọ̀. Mo ní, "Àbúrò mi, èmi ni." Ó ní, "Mo mọ̀. Mo dé yàrá yẹn lálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ fọ̀ ọ́. Lábẹ́ òórùn ọṣẹ, mo gbóòórùn Àgbà. Mo sọ fún Máníjà, mo sọ fún àwọn tó ń wádìí, mo kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ yín nígbà mẹ́ta. Wọ́n ní òórùn kì í jẹ́rìí." Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tó kún fún èérún irin. Ó ní kí n dìde, oníbàárà ń bọ̀. Ó ní, "Ẹ má tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi kí ẹ tó sọ fún obìnrin tó ń ṣépè fún mi. Ohun tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ lẹ wá sọ fún mi. Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n."

Mo lọ. Ọmọ náà jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo dúró síbi tí mo ti máa ń jókòó. Kò sunkún, kò sì gbá mi létí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fẹ́ kó gbá mi. Ìbéèrè kan ló bi mí. Ó ní, "Nígbà tí dókítà ń bi yín, mo di apá yín mú, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ẹ sì mọ̀ nígbà náà?" Mo ní mo mọ̀. Ó bọ́ téèpù tó fi ń wọn aṣọ kúrò lọ́rùn, ó ká a, ó gbé e sórí ẹ̀rọ. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ wọ bàtà. Ọmọ náà béèrè, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó ń wọ́, pé níbo làwọn ń lọ. Ìyá rẹ̀ ní, "A fẹ́ lọ bẹ ẹnì kan tí mo ti ń ṣẹ̀ láti ìgbà tó o ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà." Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ọmọ náà bojú wẹ̀yìn, ó fẹ́ ju ọwọ́ sí mi bó ṣe máa ń ṣe, ìyá rẹ̀ sì rọra di ọwọ́ náà mú.

Aránṣọ kò tíì dárí jì mí, n kò sì ní bẹ̀ yín kí ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ dá ìwé àṣẹ Ìyá Tọ́ọ̀ṣì padà fún un, kí ẹ wá lẹ́tà mẹ́ta tó kọ sí yín, kí ẹ tẹ̀ wọ́n síbi tí ẹ fẹ́ fi àwòrán mi sí. Mo ti lọ jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá, mo kọ orúkọ mi sílẹ̀, wọ́n mọ ilé mi, wọ́n á bá mi níbẹ̀ bí mo bá ṣì wà láàyè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́, mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ṣì ń ra Àgbà lábẹ́lẹ̀, tí ẹ ń rọ ọ́ sínú ìgò ẹlòmíràn, torí oníbàárà fẹ́ rí òkú. Inú ń bí mi sí yín, inú ń bí mi gan-an, torí ojú mi ni mò ń rí lójú yín. Ẹ dà á nù. Bí ẹ bá sì ti ṣe é tán, tí ọmọ kan wà ní ọsibítù, tí dókítà bi yín léèrè ohun tó wà nínú ìgò, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tì yín mọ́lé lẹ́yìn náà. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ọjọ́ tí wọ́n ń jáde. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo gba wákàtí mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ó sì ti fi gbogbo ayé rẹ̀ san án.